Ìṣákọ́lẹ̀ Orí Ayélujára

Iṣẹ́ kan wà lóde òní tí èdè Yorùbá kò tíì fún ní orúkọ. Mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá, mo sì ti wá orúkọ náà títí, n kò rí i. Ẹni tó ń darí ọjà ni ìyálọ́jà tàbí bàbálọ́jà. Ẹni tó gba àlejò sílé ni baálé. Ẹni tó ń parí ìjà ni onílàjà. Ṣùgbọ́n kí ni ká pe ẹni tó kó ogunlọ́gọ̀ ènìyàn jọ sójú kan lórí ayélujára, àwọn tí kò fojú kan ara wọn rí, tó ń là wọ́n níjà, tó ń lé gbájúẹ̀ jáde láàárín wọn, tó ń dáhùn ìbéèrè ní aago méjì òru, tó sì tún gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ rí owó ọbẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní ádímìnì. Orúkọ náà kéré sí iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá pe ìyálọ́jà ní akọ̀wé ọjà, ẹ óò rí ohun tí ojú yín yóò rí.

Èmi náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ni tèmi. Ìdànrè ni mo ń gbé, láàárín àwọn àpáta ńlá tí gbogbo ayé fi mọ̀ wá. Kókó ni iṣẹ́ àwọn bàbá wa. Ìwé kíkọ ni èmi fi ń jẹun: àpilẹ̀kọ, ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ ìpolówó fún rédíò, àti oríkì fún ìyàwó tuntun nígbà tí ọjà bá dá. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ara bàbá mi kò gba iṣẹ́ oko mọ́, oko kókó rẹ̀ sì já lé èmi àti àwọn àbúrò mi lọ́wọ́. Owó kókó ni wọ́n fi tọ́ wa, òun ni wọ́n fi rán wa lọ sí iléèwé, síbẹ̀ a kò mọ kókó. A kò mọ ìgbà tí à ń fín oògùn. A kò mọ iye ọjọ́ tí hóró kókó ń lò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí a tó kó o síta fún oòrùn. Nígbà tí mo bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi léèrè, mo rí i pé àìmọ̀ náà kì í ṣe tiwa nìkan. Mo ṣí àwùjọ kan lórí WhatsApp fún àwọn ọmọ tó jogún kókó. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ni wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lónìí, a ti lé ní 600, láti Ìdànrè títí dé Oǹdó àti Ilé-Olújì, àwọn kan sì wà ní ìlú òyìnbó tí wọ́n ń ti ibẹ̀ darí oko tí wọn kò tíì tẹ̀ rí.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí máa ń béèrè ohun kan náà: “Èló ni wọ́n ń san fún ọ?” Fún ìgbà pípẹ́ ni mo ń fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn. Ẹ̀rín náà ti tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àwọn tó ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí ti ń jẹun, àti ohun tó ń ná wọn.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni Seun Osewa. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹta, ọdún 2005 ni ó ṣí ojú òpó Nairaland. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ogún ọdún ni, ó sì ti kúrò ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ rántí bí ilẹ̀ yìí ṣe rí nígbà náà. Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé. Inú kafé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ra àkókò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wà lẹ́yìn yín sì ń mí sí yín lọ́rùn pé àkókò yín ti tán. Facebook wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ní Amẹ́ríkà. Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 kó tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn. Nairaland ti ń gba àlejò kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí Osewa kọ́ kò rẹwà. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń fi ìrísí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀, ìlà lórí ìlà, àwòrán díẹ̀. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ojú ewé tí kò ru ẹrù púpọ̀ a máa ṣí lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń fà tìkọ̀, kì í sì í jẹ dátà. Ó pín ojú òpó náà sí yàrá yàrá: ti òṣèlú, ti ìfẹ́, ti iṣẹ́, ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ìrìn àjò. Ẹnikẹ́ni lè kà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ni yóò forúkọ sílẹ̀. Nínú yàrá ìrìn àjò ni ẹni tó ti gba físà ti ń sọ fún ẹni tó ń lọ gbà á ohun tí wọ́n bi òun, láì gba kọ́bọ̀. Nínú yàrá iṣẹ́ ni àwọn tó jókòó ṣe ìdánwò ilé-iṣẹ́ kan ti ń sọ bó ṣe rí fún àwọn tó kàn. Ẹ wo ohun tó ṣòro nínú èyí. Kíkọ́ ojú òpó kọ́ ló le jù. Ohun tó le ni láti mú kí ẹni tí n kò mọ̀ rí fi wákàtí kan kọ ìmọ̀ràn sílẹ̀ fún mi, kí n sì gbà á gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń lọ níbẹ̀ ló dára o. Èébú ẹ̀yà àti ti ẹ̀sìn pọ̀ níbẹ̀, pàápàá nígbà ìbò, débi pé ènìyàn lè kà á kó sì rò pé orílẹ̀-èdè yìí yóò fọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì, ìpolówó ọjà ni ó sì ń bọ́ ojú òpó náà. Ilẹ̀ rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọ. Òun ló ni orúkọ, òun ló ń sanwó ibi tí wọ́n ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí, kò sì sí ẹnikẹ́ni lókè rẹ̀ tó lè pè é láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kó palẹ̀ mọ́.

Ẹni tó ni ilé náà ló ń ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 2014, àwọn ẹni ibi já wọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú Nairaland sí. Wọ́n nu ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nù, wọ́n sì nu ẹ̀dà tó wà ní ìpamọ́ níbẹ̀ nù pẹ̀lú. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀dà kan tó wà níbòmíràn ni ojú òpó náà fi padà sípò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀dà náà sì ti pé oṣù mélòó kan. Èmi kò lè ro bí ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn yóò ti rí fún un. Ọdún mẹ́sàn-án ìjíròrò ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, ó wà lórí ẹ̀rí ọkàn ẹnì kan.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ọdún kan náà, 2014, ni Lola Omolola gba ọ̀nà ọ̀hún. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó ti ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn rí, ó sì ń gbé ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n jí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 276 gbé ní Chibok. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn, ó sì ṣí àwùjọ kan lórí Facebook níbi tí àwọn obìnrin yóò ti lè sọ ohun tí wọ́n ti gbé mì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Female in Nigeria ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin láti ilẹ̀ mìíràn ń wọlé, ó di Female IN, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FIN. Àwùjọ ìkọ̀kọ̀ ni. Ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ kò lè wá a rí.

Òfin tó fi lélẹ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́jọ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ wàásù fún un. Ẹni tó mọ àwa Yorùbá yóò mọ̀ pé òfin yìí le ju òkúta lọ. Ìmọ̀ràn ni a fi ń kí ara wa. Bí obìnrin bá ní ọkọ òun lu òun, kí ó tó parí gbólóhùn náà ni ẹ̀gbọ́n kan yóò ti ní, “Ṣe sùúrù, nítorí àwọn ọmọ.” Kí ènìyàn dákẹ́, kí ó gbọ́, kí ó ní “Mo gbọ́ ọ”, kí ó sì dúró síbẹ̀, iṣẹ́ ni. Nínú àwùjọ tó ní ọgọ́rùn-ún obìnrin, ẹnì kan lè máa ṣọ́ èyí. Ní ọdún 2018, àwọn ọmọ FIN ti tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùndínlógójì, ìyẹn 1,700,000. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ, òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀: ìfipábánilòpọ̀, àìríbí, ìwà ipá nínú ilé, lójoojúmọ́, pẹ̀lú kọfí àárọ̀.

Facebook rí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 ó wà lára àwọn olùdásílẹ̀ àwùjọ tí wọ́n pè sí ìpàdé ní Chicago, níbi tó ti pàdé Mark Zuckerberg. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ náà yan olórí àwùjọ márùn-ún káàkiri àgbáyé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbà tó mílíọ̀nù kan dọ́là fún iṣẹ́ rẹ̀. Lola Omolola jẹ́ ọ̀kan. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo tilẹ̀ pariwo. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo rò ó wò. Òun ló kó àwọn obìnrin náà jọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kó wọn lọ sí ibòmíràn lọ́la, kí ni yóò fi pè wọ́n? Ọ̀nà tí ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, ti Facebook ni.

Ní Ìdànrè, a mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣákọ́lẹ̀ ni.

Fún àwọn tí kò dàgbà sí àgbègbè kókó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí kókó di owó, àwọn àlejò wá láti ìlú mìíràn láti wá ilẹ̀ igbó. Onílẹ̀ gé ilẹ̀ fún wọn. Àlejò ṣán igbó, ó gbin kókó, ó sì tọ́ ọ dàgbà. Ní ọdọọdún ni ó ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún onílẹ̀, kókó ni tàbí owó, láti fi hàn pé òun kò gbàgbé ẹni tó ni ilẹ̀. Igi jẹ́ ti àlejò. Ilẹ̀ kò jẹ́ tirẹ̀ láéláé, ì báà lo ogójì ọdún lórí rẹ̀. Bí àárín wọn bá gún, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí onílẹ̀ bá kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ta ilẹ̀ ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ìdílé méjì tí ilé ẹjọ́ ti di ilé kejì fún wọn nítorí èyí.

Onílẹ̀ orí ayélujára náà a máa yí ọkàn padà. Google dá ojú òpó kan tó ń jẹ́ Orkut sílẹ̀. Àwọn ará Brazil fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2014, Google tì í pa. Ó tún ti Google+ pa fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Yahoo Groups, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ti ń ṣe ìpàdé, kógbá sílé ní ọjọ́ 15, oṣù kejìlá, ọdún 2020. Nígbà mìíràn, onílẹ̀ kò sọ pé kí ẹ lọ. Ìjọba ni yóò dí ọ̀nà oko. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi Twitter sábẹ́ ìfòfindè. Ẹni tó ti fi ọdún márùn-ún kó oníbàárà jọ síbẹ̀ jí lọ́jọ́ kan, kò rí ẹnìkankan.

Èmi àti Lola Omolola, onílẹ̀ kan náà la ní, nítorí láti ọdún 2014 ni Facebook ti ra WhatsApp. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ènìyàn 1,024 ni WhatsApp ń gbà sínú àwùjọ kan. Ṣáájú ìparí ọdún 2022, kò tó bẹ́ẹ̀. N kò san kọ́bọ̀ fún èyí. Ìṣákọ́lẹ̀ tí mo ń san ni pé gbogbo ohun tí a ti kọ́ láti ọdún mẹ́ta wọ̀nyí, orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ló wà.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ mi kò sì kéré. Láàárọ̀, mo máa ń gba iye tí àwọn tó ń ra kókó ń san ní abúlé kọ̀ọ̀kan lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́, mo sì ń tò ó sójú kan kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ní ọdún 2024, nígbà tí kókó gbówó lórí débi pé tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà New York ní oṣù kejìlá, àtòjọ yìí di oúnjẹ. Ẹni tó wà ní oko tí kò mọ iye ọjà lè ta àpò kan ní ìdajì owó rẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ dé. Lọ́sàn-án, ìjà ni. Ọkùnrin kan wọlé ní ìgbà òjò, ó ń ta oògùn àrùn tó ń sọ èso kókó di dúdú ní iye tí ó pọ́ọ́kú jù. Ọmọbìnrin kan nínú wa rà á fún oko ìyá rẹ̀. Oògùn náà kò ṣe ohunkóhun, èso ń rà lórí igi. Mo lé ọkùnrin náà jáde. A sì ṣe òfin pé kò sí ẹni tó lè polówó ọjà láàárín wa bí kò bá ní onígbọ̀wọ́ méjì tó ti ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ yìí, àwọn bàbá wa ló ni ín. Àwa kàn gbé e wọ inú fóònù ni.

Lóru ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó le ń dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ kú kọ̀wé sí mi nìkan, kì í ṣe sí àwùjọ. Àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀ ti pín oko láì pe òun. Aago méjì kọjá díẹ̀. N kì í ṣe agbẹjọ́rò. Mo rántí òfin Lola Omolola, mo kọ “Mo gbọ́ ọ” sí i, mo sì ń kà á títí tó fi sọ gbogbo rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kejì ni mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n wá ẹni tó mọ òfin ilẹ̀ fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ibi tí mo lè kọ irú wákàtí yẹn sí nínú ìwé owó.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ owó ṣe wá dé. Oníṣòwò kan tó ń ra kókó, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, pè mí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní òun yóò máa san 80,000 náírà fún mi lóṣooṣù. Ohun tí òun fẹ́ kò pọ̀: kí iye tí òun ń san jẹ́ èyí tó wà lókè àtòjọ àárọ̀, kí n sì fi nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣọwọ́ sí òun, “kí a lè máa ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́.” Ẹ má fojú tínrín owó náà. Ó ju ohun tí mo ń rí lórí àpilẹ̀kọ ní ọ̀pọ̀ oṣù lọ. Oògùn bàbá mi ń bẹ nílẹ̀. Owó ilé ń bọ̀.

Mo lọ jókòó ti bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán.

“Ta ló ni igi?” ni ó bi mí.

“Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni, Bàbá. Àwọn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.”

“Ta ló ni ilẹ̀?”

“Àwọn òyìnbó kan ni.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìwọ wá ńkọ́?”

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Òun ló dá ara rẹ̀ lóhùn. “Ìwọ ni ò ń ro oko. Aroko a máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ojú kì í tì í. Ṣùgbọ́n kì í ta oko fún ẹni tó ń kọjá lọ.” Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n gbé omi wá fún òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Ohun tó sọ nípa owó iṣẹ́ ni mo gbé lọ sùn. Àwọn ènìyàn wa ti mọ bí a ti ń jẹ nínú ìgbẹ́kẹ̀lé láì jẹ ìgbẹ́kẹ̀lé náà run. Ẹ wo alájọ. Lójoojúmọ́ ni ó ń yípo ọjà, tó ń gba owó tí àwọn ìyá wa ń dá. Nígbà tí oṣù bá parí, yóò kó owó oníkálukú fún un, owó ọjọ́ kan péré ni yóò yọ fún ara rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ó ń yọ ọ́, iye rẹ̀ kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi orí pípé wé ti alájọ Ṣómólú títí di òní, tí a kò fi ń fi wé ti oníbáǹkì kankan. Ohun tí oníṣòwò yẹn fẹ́ rà lọ́wọ́ mi yàtọ̀ sí èyí: ó fẹ́ kí n gba owó níbi tí ẹni tó ń sanwó gan-an, ìyẹn ọmọ tó ń ta kókó rẹ̀, kò ti ní mọ̀ pé òun ló ń san án.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwùjọ bó ṣe rí, iye owó àti gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni a fi jiyàn. Àwọn kan ní kí n gbà á, pé ta ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹnì kan bínú pé mo tilẹ̀ ń jẹ́ kí irú rẹ̀ wọ etí wọn. Arábìnrin kan láti Ilé-Olújì ni ó béèrè ohun tó yẹ kí a ti béèrè tipẹ́: èló ni ó ń ná mi láti ṣe iṣẹ́ yìí? Mo ṣírò rẹ̀ níwájú wọn, dátà, ìrìn lọ sí abúlé, wákàtí. Ìparí rẹ̀ ni pé a kọ owó oníṣòwò, a sì fẹnu kò pé ẹni tó bá lè san án yóò máa dá 500 náírà ní ìkórè kọ̀ọ̀kan, kí a máa tẹ àkọsílẹ̀ owó náà síta. Ènìyàn 143 ló san ní ìgbà àkọ́kọ́. Kò tó 80,000 náírà lóṣooṣù, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Oníṣòwò náà ṣí àwùjọ tirẹ̀, àwọn kan nínú wa sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. N kò bá wọn jà. Ọjà ni, ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ìdè níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣì kù. Lórí òkè wa, ìlú àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, àfin, ilé ẹjọ́ àti iléèwé, lẹ́yìn àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni méjì tó kà á tí iye wọn dọ́gba. Láàárín àwọn ọdún 1920 ni àwọn baba wa sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ tí a wà yìí. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọn kò fi ara wọn sílẹ̀, nítorí wọ́n mọ ara wọn ní orúkọ àti ní agbo ilé. Àwùjọ tí mo ń darí, nọ́ńbà fóònù ni a fi mọ ara wa. Mo ti ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan. Ẹni tó bá gbà ni mo ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, orúkọ abúlé oko rẹ̀, àti ẹni tí a lè fi bá a pàdé bí fóònù bá kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òdòdè ń kọ́ mi bí a ti ń ra orúkọ ojú òpó, tí a sì ń tọ́jú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ sí ibi méjì. Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Osewa ni mo fi ń tẹnu mọ́ ibi méjì náà, títí ó fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, a óò pàdé ojúkojú fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Aládé. Ènìyàn mẹ́tàdínlógójì ló ti ní àwọn ń bọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n pín oko bàbá rẹ̀ wà lára wọn. Ó ní òun yóò mú ìwé ilẹ̀ náà dání. Láàárọ̀ yìí, ẹnì kan béèrè bóyá ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yóò wà. Mo ní kí oníkálukú gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, àmọ́ kí wọ́n má ṣe gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ wá, nítorí bàbá mi ti ní òun ń bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan.